Ìwé ìwakọ̀ àwọn àgbà ní Ìlú Ọba: ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò
Ní Ìlú Ọba, ìwé ìwakọ̀ máa ń parí téèyàn bá pé 70 ọdún. Lẹ́yìn náà, ọdún 3-3 la ń tún un gbà, lọ́fẹ̀ẹ́. DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni níwèé ìwakọ̀, kì í tún àgbà dán wò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, àléébù ńlá sì nìyẹn. Kí bàbá tàbí màmá yín tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kí wọ́n dúró ní mítà 20 sí mọ́tò kan lọ́sàn-án, kí wọ́n ka nọ́ńbà rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú tí wọ́n bá ń lò ó. Bí wọn ò bá rí i kà, wọn ò gbọdọ̀ wakọ̀. Àìsàn ojú kan tó ń jẹ́ glaucoma máa ń ba ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀: ẹni tó ní in lè ka nọ́ńbà geere, kó má rí ọmọdé tó ń sọdá. Ẹ mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò. Bó bá wà lójú méjèèjì, dandan ni kí wọ́n sọ fún DVLA. Owó ìtanràn ẹni tó bá fi pamọ́ lè tó £1,000.