Bí màlúù bá kọ̀ tí ò rìn lódò ẹran, ẹ wo ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé kóńdó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lódò ẹran, àtẹ̀yin wolé-wolé àti dókítà ẹran tẹ́ ẹ ń ṣọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Màlúù yẹn máa kú, òótọ́ ni, àmọ́ kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ jìyà kó tó kú.

Ibi tí ìyà ti ń pọ̀ jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, ìyẹn ọ̀nà tóóró tó lọ síbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n. Lọ́jọ́ kan màlúù pupa kan dúró gbagidi níbẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń fọn imú, ó tẹjú mọ́lẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì ti ń lù ú ní kóńdó nídìí, ọ̀kan tiẹ̀ di ìrù ẹ̀ mú ó ń lọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi fi wà níbi tí ojú ẹ̀ wà, ìgbà yẹn ni mo wá rí i, omi ló dárogún sílẹ̀, gílóòbù tó wà lókè ń tàn nínú ẹ̀, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí ìmọ́lẹ̀ yẹn á máa gbọ̀n. A gbá omi yẹn kúrò, a da èérún pákó síbẹ̀, màlúù náà gbóòórùn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rìn kọjá láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ara ẹ̀ sì ti lé ká tó mọ̀, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Torí náà láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí géètì, ẹ fẹsẹ̀ yín rin ọ̀nà yẹn já, kẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ wá ṣéènì tó ń mì dirodiro, ẹ̀wù tẹ́nì kan fi kọ́ ara ọgbà, irin tó ń dún gbàgà, ibi tó ń yọ̀, ibi tó ṣókùnkùn, torí màlúù kì í fẹ́ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ wọ òkùnkùn. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú wọn wà, wọ́n ń rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì, ẹ̀yìn gangan ni wọn ò rí, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́yìn wọn gan-an tí wọ́n á fi máa yí padà láti wò yín. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Tẹ́ ẹ bá rìn láti iwájú kọjá èjìká ẹ̀ lọ sápá ìrù, á lọ síwájú, tẹ́ ẹ bá dúró níwájú èjìká, á fẹ̀yìn rìn. Ẹ kó díẹ̀díẹ̀ wá, ẹ má pariwo, ẹ má súfèé. Igi oníná tí wọ́n fi ń kan ẹran kó lè rìn, òfin ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé nínú màlúù, èyí tó ti dàgbà tó kọ̀ tí ò rìn tí àyè sì wà níwájú ẹ̀ nìkan ni wọ́n lè lò ó fún, iṣan ìdí ẹ̀ ni kí wọ́n fi kàn, kó má sì ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ. Tí kò bá sáyè níwájú, níbo lẹ fẹ́ kó gbà?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ẹ fún wọn lómi, tí wọ́n bá máa ju wákàtí 24 lọ ẹ fún wọn lóúnjẹ. Èyí tí ò lè dìde, ẹ má fi okùn wọ́ ọ o, ibi tó sùn sí náà ni kẹ́ ẹ ti mú kó dákú.

Tó bá kan ìbọn tí wọ́n fi ń mú màlúù dákú, èyí tí irin inú ẹ̀ ń jáde gbá agbárí tó sì ń padà sínú, ẹ fojú inú fa ìlà láti ojú ọ̀tún lọ sídìí ìwo òsì, kẹ́ ẹ fa èkejì láti ojú òsì lọ sídìí ìwo ọ̀tún, ibi tí wọ́n ti pàdé lẹnu ìbọn máa wà, kì í ṣe àárín ojú méjèèjì. Màlúù náà gbọ́dọ̀ ṣubú lójú ẹsẹ̀, kó má mí mọ́, kó má ṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ẹyinjú ẹ̀, kó má gbìyànjú àtigbórí. Ẹsẹ̀ lè máa ta, ìyẹn ò kan nǹkan kan. Tó bá ṣẹ́jú, ẹ tún un yìn kíákíá kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́, torí náà ìbọn kejì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹ dúńbú ẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 1. Kẹ́ ẹ sì máa tú ìbọn yẹn fọ̀ lójoojúmọ́! Ní 1996 tí Temple Grandin, onímọ̀ nípa ìwà ẹran ọ̀sìn, bá ìjọba Amẹ́ríkà yẹ àwọn àbátọ̀, ìyẹn odò ẹran, wò, nínú àbátọ̀ màlúù 10, 3 péré ló ń fi ìbọn ẹ̀ẹ̀kan mú màlúù 95 nínú 100 dákú, ìbọn tí wọn ò tọ́jú wà lára ohun tó fà á.

Àwọn tí ẹ̀sìn wọn ò gbà kí ẹran kọ́kọ́ dákú, ọ̀bẹ yín gbọ́dọ̀ gùn, kó mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi dúńbú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìdúró, kẹ́nikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó awọ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀. Ànábì Muhammad fúnra ẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ kí ẹran má jìyà.

Màlúù tẹ́ ẹ dẹ́rù bà tẹ́ ẹ lù, ṣúgà inú iṣan ẹ̀ á ti tán kó tó kú, ẹran ẹ̀ á dúdú, kì í pẹ́ bàjẹ́, ibi tí kóńdó bà á ẹ máa gé e dànù ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin wolé-wolé ló kù. Amẹ́ríkà ti ní òfin pé kí wọ́n má fìyà jẹ ẹran tí wọ́n bá ń pa á láti 1958, àmọ́ 1978 ni wọ́n tó fún wolé-wolé lágbára láti dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, láìsí ìyẹn ìwé lásán lòfin. Síbẹ̀ ní 2008, fídíò jáde láti àbátọ̀ kan ní California, wọ́n ń fi fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ti màlúù tí ò lè dìde, wolé-wolé ìjọba sì ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, bí wọ́n ṣe kó ẹran tó tó 143 mílíọ̀nù páùn padà lọ́jà nìyẹn. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ má sì sọ àsìkò tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ ní kí wọ́n fi kámẹ́rà síbi tí màlúù ti ń sọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó ti di dandan nílẹ̀ England láti 2018. Kẹ́ ẹ sì ka màlúù 100: èyí tó bá ṣubú ò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ, èyí tó bá ké nínú àpótí irin tí wọ́n ti ń mú un dákú ò gbọ́dọ̀ ju 3, èyí tí wọ́n gbé kọ́ tó ṣì ṣẹ́jú, ẹyọ kan péré, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sì wá sọ fún yín ní kọ̀rọ̀ pé ọ̀gá òun ń fi okùn wọ́ ẹran, ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún ọ̀gá yẹn.