Bí Ayàwòrán Aládàáni Ṣe Lè Ya Àwòrán, Kí Ó sì Tà Á

Kí o tó ra kánfáàsì, kọ́kọ́ pinnu irú ọ̀dà tí o máa lò, nítorí akirílíìkì tí a ń fi omi pò sábà máa ń gbẹ láàárín wákàtí kan, nígbà tí ọ̀dà olóróró lè gba oṣù mélòó kan kí ó tó gbẹ dénú. Fi èékánná tẹ ibi tí ó nípọn jù. Bí ó bá ṣì rọ̀, má tíì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ọwọ́ tí ẹlòmíràn kò ní ló ń ta àwòrán. Ní Òṣogbo, Jimoh Buraimoh, tí ó kópa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ayàwòrán Georgina Beier ṣe ní 1964, lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, òun ni a sì fi mọ̀ ọ́n.

Ṣírò ọ̀dà, férémù àti ọjọ́ tí o lò mọ́ iye owó. Ilé àfihàn tí ó bá bá ọ tà á lè mú tó ìdajì owó náà, ṣùgbọ́n má ṣe torí èyí tà á ní ẹ̀dínwó nílé. Ó ń ba ọjà jẹ́.

Buwọ́ lu àwòrán náà, kí o sì fún olùrà ní ìwé ẹ̀rí pé ìwọ lo yà á. Ẹni tí ó ra àwòrán kò ra ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ sára káàdì. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, inú ìwé ni a ti ń gbé ìyẹn fúnni.