Ẹ wọn hándù àtijọ́ kẹ́ẹ tó ra tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gun alùpùpù cruiser l'Abuja níbí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ tó sanwó hándù tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọn bí èyí tó wà lórí máṣíìnì yín ṣe nípọn tó, níbi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀ gan-an, torí àwọn kan jẹ́ mílímítà 22, àwọn kan 25, ti alùpùpù Harley sábà máa ń jẹ́ 25. Mẹkáníìkì tó bá ní òun á gé agolo wé e kó lè fún, ẹ má gbà fún un o, ó máa yí mọ́ yín lọ́wọ́ lórí eré.

Gíga ẹ̀ ló wá ṣe kókó jù. Mo ra hándù tòkunbọ̀ gíga kan lọ́dún tó kọjá, ó rẹwà gan-an, wọ́n bá mi dè é, a ò pààrọ̀ wáyà kankan. Mo fẹ́ yípo ní Kubwa, bí mo ṣe yí hándù sápá òsì báyìí lẹ́ńjìnnì bá ń ké fúnra ẹ̀, mi ò fún un níná o, wáyà throttle, èyí tá a fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná, ló kúrú tó ń fà! Ọlọ́run ló yọ mí. Tó bá ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ra wáyà throttle, wáyà kíláàṣì àti pípù bíréèkì tó gùn mọ́ ọn, kẹ́ẹ sì yí i dópin lọ́tùn-ún lósì lórí ìdúró, kẹ́ẹ wò ó bóyá ó ń kan táǹkì.

Ẹ tún jókòó sórí ẹ̀, ẹ dijú, ẹ nawọ́, ibi tọ́wọ́ bá bọ́ sí láìjẹ́ pé èjìká ń ro yín, ibẹ̀ ni hándù yẹ kó wà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń lọ Lọ́kọ́ja lópin ọ̀sẹ̀.