Bí A Ṣe Ń Padà Wọ Ilé Iwin inú The 7th Guest Lẹ́yìn Ọ̀pọ̀ Ọdún

Ní ọdún 1993 ni The 7th Guest jáde, eré kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Trilobyte ṣe, tí Virgin sì gbé jáde fún títà. Inú àwo CD méjì ni ó wà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò tíì ní ibi tí a ń ki CD sí rárá, àwọn mìíràn sì ra ẹ̀rọ tí ń ka CD nítorí irú eré yìí. Ilé ńlá kan tí ó ti di ahoro ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Henry Stauf, ọkùnrin tí ó ń ṣe ọmọláńgidi àti ohun ìṣeré ọmọdé, ni ó ni ilé náà. Ó pe àlejò mẹ́fà síbẹ̀ ní alẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ẹ sì ń rìn láti yàrá kan dé òmíràn, tí ẹ ń tú àwọn àdìtú tí ó fi dínà, kí ẹ tó lè mọ ohun tí ó dé bá wọn àti ẹni tí àlejò keje jẹ́.

Èwe ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé yìí, n kò sì parí rẹ̀. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo rí i pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni ó ti yí padà: sùúrù tèmi náà ti dín kù gidigidi. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ padà. Àkọ́kọ́ ni kí eré náà ṣí lórí kọ̀ǹpútà òde òní, èyí tí kò le rárá. Èkejì ni kí a tún mọ bí a ṣe ń jókòó tì í, èyí sì ni mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ sí jù.

Kí eré náà kọ́kọ́ ṣí

Bí àwo CD yín àtijọ́ bá ṣì wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò sí ìmọ́lẹ̀ bóyá nǹkan ti ha á lára, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe yíyípo. Kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní kì í sábà ní ibi tí a ń ki CD sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tí ń ka CD, tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Bí àwo náà bá ti sọnù, eré yìí wà fún títà lórí GOG àti Steam, àwọn ilé ìtajà eré orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe ra èyí tí ó jáde ní ọdún 2023 ní àṣìṣe, nítorí pé àtúnṣe tuntun ni ìyẹn, tí a ń fi awò bojú wò. Ó dára láàyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tí ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ fáìlì tí ó wà lórí àwo náà, kò ní ṣí, nítorí pé DOS, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, ni wọ́n kọ ọ́ fún, Windows tí a ń lò nísinsìnyí kò sì gbọ́ èdè DOS mọ́. Ohun tí ó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn ni ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ScummVM. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS, Linux àti fóònù Android. Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan, kí ẹ da gbogbo fáìlì inú àwo kìíní sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ da ti àwo kejì sínú fódà kan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: wọ́n ń pín àwo méjèèjì sí fódà méjì, eré náà sì ń dúró lójijì nígbà tí ó bá ń wá ohun tí ó wà nínú àwo kejì. Bí wọ́n bá ti wà pọ̀, ẹ ṣí ScummVM, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń ṣàfikún eré, ẹ tọ́ka sí fódà náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá eré náà mọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ààtò mẹ́ta. Bí ẹ kò bá gbọ́ orin, ẹ lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò ohùn, kí ẹ mú AdLib, orúkọ káàdì ohùn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Orin tí George Sanger ṣe fún ilé yìí kò ṣeé pàdánù. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán náà fẹ̀ kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò gbòòrò bí ti ìsinsìnyí, bí a bá sì fà á, àwọn iwin náà yóò sanra lójijì, ẹ̀rù wọn yóò sì tán. Ẹ̀kẹta ni ààtò kan tí ó ń mú kí fídíò yára. Ẹ fi sílẹ̀ ní pípa. Mo mọ̀ pé rírìn inú ilé náà lọ́ra, pé bí ẹ bá fẹ́ yà sí ẹnu ọ̀nà kan, ojú yín yóò yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀. Ìlọ́ra yẹn gan-an ni ó ń jẹ́ kí ara ẹni bù máṣọ nígbà tí a kò mọ ohun tí ó wà ní ìyànà.

Bí a ṣe ń rìn nínú ilé náà

Kò sí ìwé ìlànà tí ẹ nílò bí ẹ bá lè ka ọwọ́ tí máòsì yín dì. Ọwọ́ eegun ni. Bí ìka rẹ̀ bá ń pè yín, ọ̀nà wà níbẹ̀. Bí ó bá ń mi ìka bí ìgbà tí àgbà ń kìlọ̀ fún ọmọdé, kò sí ọ̀nà. Bí ó bá di agbárí tí ọpọlọ inú rẹ̀ ń lù kìkì, àdìtú ni ẹ dé ìdí rẹ̀ yẹn. Bí ó bá di ìbòjú eléré, ẹ tẹ ibẹ̀ kí ẹ rí ohun tí àwọn àlejò ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá sì di eyín tí ń gbá ara wọn, ohun àràmàǹdà kan ń dúró dè yín. Ẹ tẹ eyín yẹn nígbà gbogbo, nítorí pé àwọn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan wà tí ẹni tí kò bá tẹ ẹ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n wà.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé etí ara àwọn àlejò náà ń tàn bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ yí wọn ká. Àwọn òṣèré gidi ni wọ́n yà ní fídíò lọ́tọ̀, tí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ àwòrán ilé tí kọ̀ǹpútà yà. Ojú òde òní lè kà á sí àléébù. Lójú tèmi, òun ni ó mú wọn jọ òkú ju ohunkóhun tí wọn ì bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lọ.

Ìwé àti kálámù

Ẹ gbé ìwé àti kálámù sí ẹ̀gbẹ́ yín kí ẹ tó jókòó. Lónìí, ìdáhùn gbogbo àdìtú inú ilé yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú kan péré ni yóò sì gbà yín láti rí i. Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo padà nìyẹn: mo wo ìdáhùn àdìtú mẹ́ta ní alẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì n kò rántí ohunkóhun tí mo ṣe nínú ilé náà. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àkàrà òyìnbó tí ó wà nínú yàrá ìjẹun ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó rọrùn, ó sì ń kọ́ni ní bí Stauf ṣe ń ronú. Ọgbọ̀n ègé ni àkàrà náà. Agbárí wà lórí àwọn kan, òkúta ibojì wà lórí àwọn kan, àwọn yòókù sì jẹ́ lásán. Ẹ ní láti pín in fún ènìyàn mẹ́fà kí ìpín wọn dọ́gba, kí ègé inú ìpín kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ ara wọn. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan àkàrà náà. Ẹ kà á ná: agbárí 12, òkúta ibojì 12, ègé lásán 6. Ó túmọ̀ sí pé ègé márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, agbárí méjì, ibojì méjì àti ọ̀kan lásán. Ègé lásán mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan kò ti lè gba méjì nínú wọn, ẹ ya àkàrà náà sínú ìwé yín, kí ẹ yí ègé lásán kọ̀ọ̀kan po, kí ẹ sì máa kọ́ ìpín kan yí i ká, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí ó súnmọ́ igun jù, nítorí pé igun kì í fúnni ní àyè púpọ̀. Bí ẹ bá ti rí ìpín méjì àkọ́kọ́, àwọn yòókù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa já fúnra wọn.

Ti aláǹtakùn náà wà, níbi tí a ti ní láti to aláǹtakùn méje sórí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọ́kọ́ gba orí okùn kan kọjá kí ó tó dúró. Bí ẹ bá ń tò wọ́n bí ó ti wù yín, ẹ ó há lórí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún. Àṣírí rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ibi tí aláǹtakùn tó ṣáájú ti gbéra ni kí èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ dúró sí.

Nínú ilé ìdáná, ẹ ó rí àwọn agolo tí a kọ lẹ́tà sí lára, tí a ní kí ẹ tò kí wọ́n di ọ̀rọ̀. Ẹ ó máa wá A, E, I, O àti U, ẹ kò sì ní rí ọ̀kankan. N kò ní sọ gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n ẹ wo iye Y tí ó wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbólóhùn náà, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà kò sí ẹ̀bi lára ẹni tí ó bá lo ìwé atúmọ̀ èdè. Ní ti ayaba ṣẹ́ẹ̀sì mẹ́jọ tí ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ lè jẹ èkejì, ọ̀nà 92 ni ó wà láti tò wọ́n. Ẹ fi ọ̀kan sí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbìyànjú láti máa gbé wọn síra bí ẹṣin ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń fò, méjì síwájú, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Kò ní bá a lọ dé òpin, ṣùgbọ́n yóò gbé yín dé ibi tí àtúnṣe díẹ̀ ti tó.

Nígbà tí ọ̀nà bá dí

Àwọn tí ó ṣe eré yìí ti ronú nípa ẹni tí ọ̀nà bá dí mọ́. Ìwé kan wà nínú yàrá ìkàwé ilé náà. Bí ẹ bá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, yóò ta yín lólobó nípa àdìtú tí ẹ wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, yóò tú u fún yín. Ẹ dúró sí ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí pé ẹni tí ìwé bá bá tú àdìtú kò ní rí apá ìtàn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, ìtàn náà sì ni èrè iṣẹ́ yín.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí, èyí ni ti awò tí a fi ń wo kòkòrò àìfojúrí. Kì í ṣe àdìtú gidi. Ìjà ni, láàárín ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà, lórí pátákó tí ó ní ojú méje ní ìbú, méje ní òró. Bí ẹ bá sún kòkòrò yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò bí òmíràn. Bí ẹ bá fò ó kọjá ojú kan, yóò kúrò níbi tí ó wà. Èyí tí ó bá sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀tá yóò sọ ọ̀tá náà di tiyín. Ẹ máa bí ju fífò lọ, ẹ má sì ṣe fi ihò sílẹ̀ láàárín àwọn tiyín, nítorí inú ihò náà ni ọ̀tá yóò bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà mọ eré yìí jù. Ààtò kan wà nínú ScummVM tí ó ń dín ọgbọ́n rẹ̀ kù, n kò sì rí ohun tó burú nínú lílò ó níbí yìí.

Nígbà tí ẹ bá dé ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí ó lọ́ bí ìfun, níbi tí gbogbo ògiri jọra, ẹ má ṣe fi orí rántí rẹ̀. Ẹ padà sókè, kí ẹ wo rọ́ọ̀gì tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ àwọn yàrá ibùsùn dáadáa. Iṣẹ́ ọnà tí ó wà lára ọ̀kan nínú wọn ni àwòrán ọ̀nà náà. Ẹ yà á sínú ìwé yín kí ẹ tó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọjá lórí rọ́ọ̀gì yẹn nígbà mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe ju wákàtí kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tọ́jú ibi tí ẹ dé lórí pátákó Sphinx, ibi tí a ti ń fi eré náà pamọ́, kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì kọ àdìtú tí ó ṣẹ́kù sínú ìwé, torí pé èyí tí ó kọ̀ láti tú ní alẹ́ sábà máa ń tú níbi tí ẹ bá ti ń fọ abọ́ ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Stauf jẹ́ kí ìtàn tó sọ fún yín, ẹ tún àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tò: yóò di Faust, ọkùnrin inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Jámánì tí ó ta ẹ̀mí rẹ̀ fún Èṣù àwọn Kristẹni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé òkè àjà, tí ìtàn sì ti parí, bí àwo CD bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé àwo kejì sínú ẹ̀rọ tí ń kọ orin. Ẹ fo apá àkọ́kọ́, nítorí pé fáìlì eré ni ó wà níbẹ̀. Ní apá kejì, ẹ ó gbọ́ orin ilé náà.