Bí mo ṣe ń kó àlejò lọ sójú ọ̀sà láti Ìlàjẹ, Bàríga

Aago 5:30 ìdájí ni mo máa ń dé etí omi lọ́jọ́ tí mo bá ní àlejò tí mo fẹ́ fi káyáàkì, ọkọ̀ kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi àjẹ̀ wà, kó jáde. Ọkọ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òpó pákó kan wà níbi tí a ń so ọkọ̀ mọ́, bàbá mi ló fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára. Mo máa ń wo ibi tí omi dé lára àmì yẹn, màá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá tún wò ó. Bí ó bá gòkè, òkun ń wọlé nìyẹn. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, tí ara òpó ṣì tutù lókè, omi ń fà nìyẹn. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ló fi ń kún, bíi wákàtí mẹ́fà ló sì fi ń fà. Fóònù náà lè sọ àkókò fún yín, ṣùgbọ́n ti ẹnu òkun ló ń sọ; omi máa ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí.

Òpó yẹn ló ń sọ ibi tí a ó gbà. Bí omi bá fẹ́ fà tán, apá Mákòko, àdúgbò tí ilé rẹ̀ wà lórí òpó nínú omi, la máa ń lọ: ìyókù omi tó ń fà á bá wa ti ọkọ̀ kọjá ẹ̀yìn Yunifásítì ìlú Èkó àti Ìwàyà, nígbà tí a bá fi máa yí padà, omi tó ń wọlé á gbé wa bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà ni, a ó kọrí sí Ọ̀wọ̀ròǹṣòkí, kí omi lè gbé wa wálé nígbà tí apá bá ti ń ro àwọn àlejò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra káyáàkì báyìí láti máa fi kó èèyàn jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ tó rọrùn tan àlejò yín. Ìgbà tó ti rẹ̀ wọ́n ni kí ẹ fi omi tó rọrùn pamọ́ fún.

Àwọn Inuit àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ilẹ̀ yìnyín ló kọ́kọ́ ṣe káyáàkì, awọ ẹran inú òkun ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì ń fi í ṣọdẹ. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ni, àlejò sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Fífúyẹ́ yẹn náà ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tètè máa gbé e ju ọkọ̀ pákó tiwa lọ.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Láti ìhà òkun ló ń fẹ́ wá, yóò sì máa tì yín kúrò létí ilẹ̀ lọ sí àárín ọ̀sà, síhà Ìkòròdú. Nítorí náà, a kì í kọjá afárá Third Mainland síta, a sì gbọ́dọ̀ ti padà dé kí aago 11 tó lù. Lóṣù kejì ọdún kan, àwọn àlejò mi pẹ́ ní wákàtí kan ààbọ̀. Wọ́n ti sanwó, ojú sì ń tì mí láti dá wọn padà, ni mo bá gbéra. Nígbà tí a ń bọ̀ láti Mákòko, afẹ́fẹ́ dìde. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé káyáàkì tí obìnrin méjì wà nínú rẹ̀ ti gba àárín òpó afárá jáde. Wọ́n ń wa omi kíkankíkan, àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Bàbá apẹja kan tó ń kó àwọ̀n ló lọ bá wọn. Ó na àjẹ̀ rẹ̀ sí wọn, èyí tó wà níwájú dì í mú, bàbá sì so wọ́n mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dúpẹ́ tán, ó ní, “Afẹ́fẹ́ ò mọ̀ pé wọ́n ti sanwó fún ẹ, àbúrò.” Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pẹ́ ju ààbọ̀ wákàtí lọ, ọjọ́ mìíràn ni mo ń fún un.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀, màá di èjìká láìfù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, màá fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí, kò fún tó, a ó tún un dì. Lẹ́yìn náà, níbi tí omi ti mu wá dé ìdí, màá ní kí oníkálukú dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ á máa rẹ́rìn-ín, àwọn kan á máa bẹ̀rù, gbogbo wọn ni yóò ṣe é. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n di ọkọ̀ mú, kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ilẹ̀. Ọkọ̀ kejì á sún mọ́ ọn, á dì í mú ṣinṣin. Ẹni tó wà nínú omi á fi ẹsẹ̀ gbá omi, á fi ikùn wọlé bí ẹja, kó tó yí ara padà jókòó. Èèyàn mẹ́rin péré ni mo ń kó lẹ́ẹ̀kan, torí pé mẹ́rin ni ojú mi ká.

Bí ọkọ̀ èrò bá sáré kọjá, ẹ kọ iwájú ọkọ̀ yín sí ìgbì rẹ̀, ẹ má gbà á ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ yà fún àwọn ọkọ̀ oníyanrìn tó ta ìgbòkun alábùlẹ̀; ẹrù wọn wúwo, wọn ò lè tètè yí. Ewéko olódòdó tí omi òjò ń gbé wá náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kó sí i, ẹ fẹ̀yìn jáde. Nígbà tí iyọ̀ òkun bá wọlé ní ẹ̀ẹ̀rùn, á kú fúnra rẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́, bí n kò bá lè ka òpó afárá mẹ́wàá láti etí omi, a ò lọ. Lásìkò òjò, ìhà Ìkòròdú ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá ṣú níbẹ̀, ìjì á dé kí òjò tó dé, ẹ wá ilẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ní Mákòko, ilé àwọn èèyàn lẹ wọ̀. Ẹ kí wọn, ẹ dín eré kù lábẹ́ ilé, kí ìgbì yín má bàa lu òpó wọn. Ẹ má ya fọ́tò ìyá tó ń wẹ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹja tútù tí mo máa ń ní kí àlejò rà níbẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú ju fọ́tò lọ.

Bí a bá gúnlẹ̀, màá ka èèyàn, ká tó fọwọ́ kan oúnjẹ ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú ọgbẹ́ tó bá wà, nítorí omi ibẹ̀ dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni màá tún padà sídìí òpó bàbá mi. Nǹkan bíi 50 ìṣẹ́jú ni àkókò omi fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Àlejò ọ̀la gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó sùn bóyá aago mẹ́fà ni kó dé, tàbí méje.