Bí a ṣe ń gbin ewé eéran sí ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí ní Ìpẹru pé kí ni mo ń fi sí ewé eéran mi, mi ò fi nǹkan kan sí i. Bí mo bá délé yín, àárín gbalasa ni mo máa ń bá tiyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, tí etí rẹ̀ ti jóná. Oòrùn ló ń pa á.

Abẹ́ igi ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí. Ọgbà obì àtijọ́ ló dára jù, kò sì yẹ kí ọmọ Rẹ́mọ máa wá igi obì kiri. Abẹ́ kòkó náà dára. Bí ọ̀pẹ ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ wo ara rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lóṣù kìíní. Ewé wẹ́wẹ́ kan wà tó ń hù lára ọ̀pẹ, èyí tí àwọn olódòdó ń pè ní fern. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ gbin ewé eéran síbẹ̀ láìbẹ̀rù. Bó bá ti gbẹ, ẹ wá ibòmíràn.

Kóró rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó hù, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Èso pupa onígun mẹ́ta náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń so sí, ohun tó sì wà lára kóró dúdú inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ fíìfíì. Lọ́dún 1972 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Netherlands kọ̀wé nípa èròjà dídùn tí wọ́n yọ nínú rẹ̀, thaumatin.

Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn. Ó ń fà lábẹ́ ilẹ̀ bí atalẹ̀. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ má lọ wú u nínú oko olóko. Ẹ gé èyí tó ní èéhù méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì gé ewé orí rẹ̀ dànù, torí ewé ńlá yẹn á máa fa omi tí gbòǹgbò ò tíì rí. Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkeje. Ẹ má fi òjò àkọ́rọ̀ gbìn ín, ọ̀dá lè tẹ̀ lé e. Kí ihò jìn tó ìka ọwọ́, kí ọ̀kan sì fi ìgbésẹ̀ kan jìnnà sí èkejì.

Ewé tó bá já bọ́ láti orí igi, ẹ má gbá a! Mo mọ̀ pé ara wa kì í gba kí ìdọ̀tí wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ewé jíjẹrà yẹn ni ajílẹ̀ rẹ̀, òun ló sì ń mú kí ilẹ̀ tutù. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tu koríko ibẹ̀, torí ọkọ́ á gé ìdí rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, omi tí mo bá fi fọ ẹ̀wà ni mo máa ń dà sí i nírọ̀lẹ́.

Ẹ má gé ewé kankan lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó ti le, tó ti ṣú, ni kẹ́ ẹ mú. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú á fàya mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ọ̀bẹ mímú ni kẹ́ ẹ lò. Bí ẹ bá fà á tu, ọmọ tó ń bọ̀ á bá a lọ. Ẹ fi ìdajì sílẹ̀ nídìí kọ̀ọ̀kan, kódà bí àwọn olóbì Ṣàgámù bá wá pẹ̀lú owó gidi, tí wọ́n ń wá ewé tí wọ́n á fi tẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Bó bá yá, á fẹ́ wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Ẹ la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ààlà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ejò, kó gbìn ín jìnnà sí fèrèsé.

Ọ̀pá tí ẹ bá gé kúrò lára ewé, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ẹ tó to mọ́ínmọ́ín lé e, omi ò ní wọ inú rẹ̀.