Bí ẹ ṣe lè ṣírò iye ìpè tí kò ní wọlé lórí òpó netiwọ́ọ̀kì

Bí gbogbo ìkànnì orí òpó, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí ìpè kọ̀ọ̀kan ń gbà, bá ti ní ẹni tó ń lò ó, ẹni tó bá tún pè kò ní ríbi wọlé. Ìṣirò ìṣeéṣe lè sọ bí èyí yóò ṣe máa ṣẹlẹ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó gbé irinṣẹ́ gun òpó. Fọ́múlà tí Agner Krarup Erlang, ará Denmark, gbé jáde ní 1917 ni mo ń lò. Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹrù ìpè. Ẹ fi iye ìpè wákàtí kan ṣe ìlọ́po iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìpè kan ń gbà ní ìpíndọ́gba, kí ẹ fi 3,600 pín in. Ìpè 60, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 120, jẹ́ erlang 2; erlang ni wọ́n fi ń wọn ẹrù ìpè.

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ á kó ìpè odindi ọjọ́ jọ, wọ́n á fi 24 pín in. Ká ní ìpè 480 ló dé lọ́jọ́ náà, 20 ni yóò bọ́ sí wákàtí kan, ẹrù á di 0.67. Pẹ̀lú ìkànnì 4, èsì á ní ìpè tí kò ní wọlé kò tó 1 nínú 200. Àmọ́ tí 60 nínú wọn bá rọ́ dé láàárín wákàtí kan, bíi 9 tàbí 10 nínú 100 ni kò ní wọlé. Wákàtí tí ìpè pọ̀ jù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yẹ àkọsílẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ wò kí ẹ tó mú un.

Àṣìṣe kejì fara pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìpè tí àwọn èèyàn gbìyànjú ni fọ́múlà yìí ń béèrè, àtèyí tó wọlé àtèyí tí kò wọlé. Tó bá jẹ́ èyí tó wọlé nìkan lẹ kà, bí òpó bá ṣe kún tó ni èsì yín á ṣe máa yìn ín tó! Ẹni tó ń pè látinú ọkọ̀ tó ń lọ lè gbé ìpè rẹ̀ wá láti òpó míì: ẹ kà á mọ́ ìpè tó dé, ṣùgbọ́n àkókò tó lò lórí òpó tiyín nìkan ni kí ẹ kọ.

Ó kù kí ẹ ṣírò. Excel dára, kakulétọ̀ àti ìwé náà tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. Ẹ fi ẹrù ṣe ìlọ́po rẹ̀, kí ẹ wá pín ohun tó jáde pẹ̀lú àròpọ̀ òun fúnra rẹ̀ àti nọ́ńbà ìkànnì tẹ́ ẹ wà. Èsì yẹn lẹ máa gbé lọ sí ìkànnì tó kàn. Fún erlang 2, láti ìkànnì 1 dé 6: 0.667, 0.4, 0.211, 0.095, 0.037, 0.012. Kí ìpè 2 nínú 100 má wọlé ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣètò netiwọ́ọ̀kì ń fàyè gbà, nítorí náà ìkànnì 6 ló tó.

Fọ́múlà yìí gbà pé ẹni tí kò ráyè wọlé ti lọ nìyẹn. Lójú ayé, kíá ló máa tún pè. Tí èsì bá ti ju 5 nínú 100 lọ, mo máa ń fi àwọn ìpè àtúnpè kún ẹrù, màá sì tún un ṣírò. Ìpè tó wọlé tó wá já kò sí nínú èsì yìí. Ẹ ka ìyẹn lọ́tọ̀.